Alùpùpù Tó Délé Ṣáájú Ẹni Tó Ń Gùn Ún

Alùpùpù Akínwùmí dé sí Ajégúnlẹ̀ láìsí Akínwùmí lórí rẹ̀. Ọdún kejì tí ogun parí ni. Ọkọ̀ agégẹdú ló gbé e dé nínú òjò, lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ọkùnrin náà ti kúrò nílé. Àwọn ọlọ́pàá ló rí i nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ wá ọ́fíìsì tí Akínwùmí ti ń jíṣẹ́ ní Àpápá. Apá alùpùpù náà ti wọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ká, iná iwájú ti fọ́, hóònù ti já sọnù. Ẹni tó gùn ún ńkọ́? Wọ́n wá igbó títí, wọn ò rí bàtà, wọn ò rí fìlà.

Gbogbo ilé figbe ta. Morádéún, ìyàwó Akínwùmí, tó ń ránṣọ ní pálọ̀ ilé náà, kò tíì sunkún. Ó na ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó sì yára fà á padà. Ó gbóná! Ẹ gbọ́ ná o: irin tó ti wà nínú igbó láti bí ọjọ́ mélòó kan, tí òjò ń pa bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀, ó gbóná bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fọwọ́ kàn án," ó wí fún Ọlábímtán, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ọlábímtán fọwọ́ kàn án. Ó ní oòrùn ló pa á.

"Oòrùn wo, sà? Nínú òjò yìí?"

Ọlábímtán kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìbànújẹ́ ló bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ kí pásítọ̀ ṣe ìsìn ìdágbére, kí Morádéún wọ dúdú, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán lọ́kàn àwọn èèyàn. Morádéún kúnlẹ̀ fún un. "Òkú kì í gbóná, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún alùpùpù yìí ṣe. Tí ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá pé tí a ò gbọ́ nǹkan kan, màá wọ dúdú." Ọlábímtán mi orí. Ó gbà fún un.

Hẹ̀, àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín! Aránṣọ fẹ́ di mẹkáníìkì! Wọn ò mọ̀ pé òun ló máa ń gbé sípánà fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àti pé ta ló fẹ́ fi irin dẹ́rù ba obìnrin tó lè tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ pátápátá, kó sì tò ó padà láìṣẹ́ nọ́ọ̀tì kan kù? Ó gbé alùpùpù náà sí pálọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá ti ṣe apá kan tán, á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Apá alùpùpù náà ló kọ́kọ́ mú. Ó fi ẹ̀yinná mú un rọ̀, ó ń fi òòlù nà án díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ku díẹ̀ kó tọ́, irin náà sún kì lọ́wọ́ rẹ̀, bí apá ẹni tó ń sùn tí èèyàn ṣèèṣì fọwọ́ kàn. Morádéún ju òòlù sílẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Ó kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bó ṣe ń to àwọn wáyà rẹ̀, òórùn oògùn ojú egbò kún pálọ̀ náà, béẹ̀ kò sí ẹni tó fi ara pa nínú ilé. Nígbà tó kan iná iwájú, ó bá omi nínú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀ bí omijé. Ó nù ún, ó fi gílóòbù tuntun sí i. Kò tíì so ó mọ́ bátìrì tí iná náà fi tàn, tó kú, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́jú.

"Jésù Olúwa!" Morádéún wólẹ̀ gbalaja. "Ó wà láàyè. Ọkọ mi wà láàyè."

Ó wá ku hóònù. Ó wá gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irin ọkọ̀ kiri, kò rí èyí tó bá a mu. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Èyí tó já a láyà jù ni pé ẹ́ńjìnì náà ti ń tutù. Láràárọ̀ ló ń fọwọ́ kàn án, láràárọ̀ ni ooru rẹ̀ ń dín kù.

Àsìkò yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Regina gbé aṣọ dúdú wá fún un láti rán. Ọkọ rẹ̀, Diepreye, ará Ìjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá, ló já sómi kú. Bó ṣe rí alùpùpù náà, ó dúró sójú kan.

"Irú tiwa nìyí, Madam. Mo ti ta gbogbo rẹ̀ tán, ó ku hóònù. Tó bá ti dé orí títì lá máa fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè gbé ọbẹ̀ kaná." Ó nu ojú. "Màá mú un wá fún yín. Ẹ fi ṣe owó iṣẹ́ aṣọ yìí."

Nígbà tí Ọlábímtán gbọ́, ó bínú. "Ìyàwó wa, èèwọ̀! A kì í fi ohun òkú tún ohun alààyè ṣe."

"Bọ̀ọ̀dá mi," Morádéún dáhùn jẹ́jẹ́, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara yín pe ọkọ mi ní alààyè ni."

 Ọlábímtán dúró ti Morádéún títí tó fi de hóònù náà, tó so wáyà rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ńlá kan jáde, ó nípọn, ó kún gbogbo ilé. Orí ọkùnrin náà wú. Morádéún kọ ọjọ́ náà sára ògiri: Jímọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Akínwùmí sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Igbe, ijó, ẹkún, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé ìwòsàn àwọn sístà ìjọ Àgùdà, níbi tí awakọ̀ kan gbé e jù sí. Nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀. Ọlábímtán ń ka ìwé náà sókè: ọjọ́ tó gbé apá, ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọjọ́ tó la ojú, Jímọ̀ tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Bó ti kà á tó, ó gbójú wo ògiri. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà jókòó sórí símẹ́ńtì, ó ń wí pé, "Iṣẹ́ Rẹ mà pọ̀ o, Olúwa."

Àmọ́ ohùn náà! Ohùn Akínwùmí tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ débi pé àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí wúwo, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Àwọn èèyàn ní àìsàn ló fà á. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ti sọ̀rọ̀ tán. "Morádéún," ó rọra bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi?"

Morádéún mọ̀, kò sì jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ẹni tó ni ohùn bá wá gbà á, kí ló máa ṣẹ́ kù fún òun?

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìkórè, Regina padà wá. Ó ti rù, ó fẹ́ kí wọ́n dín aṣọ dúdú náà kù. "Ẹ kúulé o," ó kí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀," Akínwùmí dáhùn láti inú yàrá.

Regina di férémù ìlẹ̀kùn mú. "Madam, ta nìyẹn?"

"Ọkọ mi ni."

"Na lie," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Na Diepreye be that."

Morádéún na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.  Bí ohùn yìí bá bá obìnrin yìí lọ, ṣé ẹ̀mí kò ní bá a lọ? Kò dá a lójú. Ta ló lè dá lójú? Regina kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Mi ò fẹ́ gbà á, Madam. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn tó fi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kó sáà dá mi lóhùn."

Morádéún wò ó. Òun náà mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn dúró de ohùn tí kò dé. Ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. "Wọlé."

Akínwùmí gbójú sókè lórí àga. Kò kí i. Ẹnu rẹ̀ là, Ìjọ́ ló ń jáde níbẹ̀, Akínwùmí tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà láyé rẹ̀! Ó sọ ọ́ lọ rẹrẹ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Regina ń dá a lóhùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Morádéún fi ọwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń lù kì kì. Kò mọ àdúrà tí òun ì bá gbà.

Ohùn náà dákẹ́.

"Kí ló wí?" Morádéún bi Regina.

"Ó ní òun ò bínú lọ. Ó ní òun ti pinnu pé tí òun bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òun máa fun hóònù láti ìdí òpópónà wa títí dé ẹnu ọ̀nà, kí n lè mọ̀ pé ìjà ti parí."

Akínwùmí húkọ́. Ó fi ojú wá gbogbo inú ilé, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo obìnrin aláṣọ dúdú tó wà nílẹ̀. Ohùn tín-ín-rín tí àwọn akọrin ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Morádéún, ta ni obìnrin yìí? Kí ló ń pa á lẹ́kún?"