Okùn Tí Túbọ̀sún Gé

Moṣọpẹ́ ti rìn wọ òkun Southend dé orúnkún, ó ń gbàdúrà, nígbà tí ìwọ̀ Túbọ̀sún kọ́ etí aṣọ funfun rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ti ru omi títí ó fi dà bíi tíì oní-mílíìkì.

“Ẹ má bínú, sístà,” ni Túbọ̀sún wí, bó ti ń tú ìwọ̀ náà. “Àmọ́ àdúrà yín ti lé gbogbo ẹja mi lọ.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́.”

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló gbé wọn padà sí Barking ní Lọ́ńdọ̀nù. Upney ni Túbọ̀sún ń gbé. Chadwell Heath ni Moṣọpẹ́ ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Túbọ̀sún kò lè jókòó sójú kan. Ó ń wo fóònù rẹ̀ ṣáá, ó ní òun ń wo ìgbà tí omi yóò kún. Ìpè Moṣọpẹ́ ló ń retí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, Bàbá Akínrẹ̀mí, bàbá Moṣọpẹ́, kò gbà fún wọn. Ìlàjẹ ni, apẹja ni kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Jìmí, àkọ́bí rẹ̀, kú sínú òkun nítorí pé kò fẹ́ fi àwọ̀n tó kún fún ẹja sílẹ̀ nígbà tí ìjì dé.

“Ẹni tó ń fi òkun ṣeré,” ni bàbá wí, “n kò ní fún un lọ́mọ.”

Túbọ̀sún bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí bí òun ṣe ń pẹja. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá ní òun yóò lọ.

Omi ti fà jìnnà nígbà tí wọ́n dé etíkun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ sórí iyanrìn tó ga díẹ̀ láàárín omi. Túbọ̀sún fa ẹja báàsì kékeré kan jáde, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó sì dá a padà sómi.

“Kí lo ṣe yẹn?” ni bàbá bi í.

“Kò tíì tó mú, sà.”

“Òfin ni, Bàbá,” ni Moṣọpẹ́ wí.

“Òfin kọ́ ni yóò fẹ́ ọ. Ẹni tí kò lè di ẹja mú, ọmọ mi ni yóò dì mú?”

Ọ̀rọ̀ náà ta Túbọ̀sún. Kò pẹ́, ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tẹ̀ wọnú omi. Ẹja ńlá ni. Ó yọ lẹ́ẹ̀kan, ó funfun, ó gùn bí apá ọkùnrin. Ẹja yìí nìkan ló lè dá bàbá lóhùn.

Túbọ̀sún bojú wẹ̀yìn. Omi ti ń kún padà, ó ti ń bo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá.

Túbọ̀sún yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn ìwọ̀ náà.

“Bàbá, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín. Ṣọpẹ́, di ẹ̀wù mi mú.”

Omi mu wọn dé itan kí wọ́n tó dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá dúró, ó ń wo ibi tí wọ́n ti kúrò. Kò sí iyanrìn níbẹ̀ mọ́.

“Jìmí kò gé okùn tirẹ̀,” ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ Moṣọpẹ́, ó fi lé ọwọ́ Túbọ̀sún tó tutù.

“Kó àwọn èèyàn rẹ wá ní Sátidé.”

“Ẹja tí àna yín máa gbé wá ńkọ́, Bàbá?” Moṣọpẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

“Ẹ rà á ní ọjà High Road.”