Láti Ìrémọ sí Kamakura

"Mojíre, má fẹsẹ̀ tẹ òkun!"

Fàòsíyà ló pariwo bẹ́ẹ̀. Mojíre yára gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn Mojíre ní Ìrémọ, n'Ílé-Ifẹ̀. Wọ́n ti fi báírò ya odindi ìlú kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun. Kamakura ni ìlú náà, ìlú àtayébáyé kan tó wà létí òkun ní ilẹ̀ Jàpáànì. Gbogbo ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà ni wọ́n kùn ní búlúù. Òkun nìyẹn. Àwọn méjèèjì kò sì tíì rí òkun rí láyé wọn.

Ọdún 1995 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, wọ́n wà ní SS 2 ní ilé-ìwé kan náà. Mojíre ń gbé ní Ìrémọ, Fàòsíyà ń gbé ní Modákẹ́kẹ́, àmọ́ bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí èkejì. Láyé ìgbà yẹn, kò tíì sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ tẹrú-tọmọ. Bí èèyàn bá kọ lẹ́tà sí òkè òkun, ó lè tó oṣù kan kí èsì tó dé, ìrètí èsì náà a sì máa dùn ju èsì lọ nígbà mìíràn.

Ohun tó gbé Kamakura wọ ọ̀rọ̀ wọn kò le. Ọdún méjì ṣáájú, obìnrin ará Jàpáànì kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Morita wá wo àwọn orí idẹ àtijọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwá. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, ló mú un wá sí ilé-ìwé wọn. Tíṣà ni obìnrin náà ní Kamakura, láti ìgbà yẹn sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé méjèèjì ti ń kọ lẹ́tà síra wọn. Nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni Fàòsíyà ti kọ́kọ́ rí ère idẹ ńlá kan tó jókòó sí gbangba, tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Wọ́n ní inú ilé ni ère náà wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ òkun ru ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, omi sì gbé ilé náà lọ. Ère náà kò kúrò níbi tó wà.

"Ibí yìí la ti máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin," Fàòsíyà wí, ó ń fi ìka tọ ìlà kan tó ń bá etí òkun lọ. "Ọkọ̀ kékeré ni, wọ́n ní tí èèyàn bá na ọwọ́ síta, ó lè fọwọ́ kan ògiri ilé onílé."

"Ta ló ń na ọwọ́ síta? Kí wọ́n gé e dànù fún ọ!" Mojíre dáhùn.

"Ìwọ sáà jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Ìyá Mojíre, tí ó ń ránṣọ nínú yàrá, dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti rí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Ẹja tútù ni wọ́n ní wọ́n ń jẹ o, ẹja tí kò kan iná!"

"A máa bá wọn dín in, mà!" Fàòsíyà fèsì, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń lo Sátidé nìyẹn. Wọ́n á ya máàpù, wọ́n á gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì èdè Jàpáànì tí Ìyáàfin Morita fi ránṣẹ́, wọ́n á sì máa kí ara wọn ní èdè tí aládùúgbò kankan kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè wọ kíláàsì pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ilé-ìwé Kamakura fẹ́ gba àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù kẹjọ. Àwọn ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ohun gbogbo. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ àròkọ lórí ohun tó fẹ́ lọ rí ní Kamakura.

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀," tíṣà wí. "Lọ́jọ́ Ajé ni màá fi ẹ̀rọ fáàsì kó wọn ránṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, kó má wá mi."

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wo ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ya máàpù, "àwa" ni wọ́n ń wí. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé "àwa" lè di "èmi".

"Ẹni tó bá lọ, kó bá èkejì wò ó dáadáa," Fàòsíyà wí.

Mojíre gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti gé aṣọ àǹkárá tuntun, ó ti rán an, ó sì ti sọ fún gbogbo agboolé pé ọmọ òun ń lọ sí Jàpáànì. Bí Mojíre bá jáde, àwọn àgbà á ní, "Ará òkè òkun, ṣé dáadáa lo jí?" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń di ẹrù lórí rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Fàòsíyà sáré wá sí Ìrémọ, ó ń mí gúlegúle. Ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìwó, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń lọ lójú ẹsẹ̀.

"Bá mi fún Ọ̀gbẹ́ni Láoyè lọ́la." Ó na àpòòwé kan sí i. "N kò ráyè lẹ̀ ẹ́ pàápàá. Mojí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbàgbé."

"Ṣé èmi náà ni mo máa gbàgbé?"

Mojíre kò ní èrò búburú kankan nígbà tó fa ìwé náà yọ. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ni. Ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gẹ̀ẹ́sì Fàòsíyà kò gún régé. Ó ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́rin kọ lójú ewé àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ohun tó kọ rèé:

"N kò rí òkun rí. Bàbá mi rí i lẹ́ẹ̀kan ní Èkó, ó ní ẹ̀rù rẹ̀ ba òun. Mo fẹ́ lọ wò ó, kí n lè wá sọ fún bàbá mi bóyá ẹ̀rù náà tọ́. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ lọ dúró níwájú ère tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé ilé wa. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, ìyá mi kì í lè jókòó. Mo mọ̀ pé ère kì í fèsì. Mo kàn fẹ́ wo ojú ẹni tí kò ní òrùlé tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀."

Mojíre ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó rántí àròkọ tirẹ̀, ojú ewé mẹ́rin tó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá tó wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ẹni tí yóò lọ. Nínú yàrá kejì, ìyá rẹ̀ ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Aṣọ tó máa wọ̀ sínú bàálù ni mo so kọ́ yẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àròkọ kan ṣoṣo ni Mojíre fi lé tíṣà lọ́wọ́. Èkejì wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè kéde pé Mojíre ni wọ́n mú. Fàòsíyà ló kọ́kọ́ dìde. Ó sáré dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń fò sókè, omi ẹ̀rín sì bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n mú wa! Wọ́n mú wa o!"

Ẹ̀yin èèyàn, kò sí ìyà tó tó kí ẹni tí a ṣẹ̀ máa bá ẹni yọ̀. Ojoojúmọ́ ni Fàòsíyà ń bá a pèsè ìrìn àjò náà. Ó kọ ìbéèrè tí yóò bi àwọn èèyàn ibẹ̀. Ó ní kó bu omi òkun sínú ìgò kékeré wá fún bàbá òun, kó lè tọ́ ọ wò. Ó tiẹ̀ gbé bàtà rẹ̀ tuntun, tó fẹ́ fi ṣọdún Iléyá, wá fún un. Mojíre ń gbà á, ó ń dúpẹ́, oúnjẹ sì ń korò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mojíre kò tilẹ̀ pé oṣù méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ní yàrá iṣẹ́ ọnà nítorí fọ́ọ̀mù páásípọ́ọ̀tù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde, Fàòsíyà yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí àròkọ mi bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá mi sàmì sí ibi tí mo ti ṣì í. Mo fẹ́ kọ́ ọ nítorí ìdánwò ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Láoyè yọ awò ojú rẹ̀. "Àròkọ wo? Ó dùn mí pé o kò kọ ọ́. Mo rò pé bàbá rẹ ni kò gbà fún ọ."

Fàòsíyà wo tíṣà, ó sì wo Mojíre. Mojíre ń wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí Fàòsíyà mọ̀, ó mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn.

"Ó ní láti jẹ́ pé ilé ni mo gbàgbé rẹ̀ sí, sà," ó wí wẹ́rẹ́. "Ẹ má bínú."

Ó jáde. Kò dúró de Mojíre.

Lọ́jọ́ kejì, Mojíre mú ọ̀nà Modákẹ́kẹ́ pọ̀n. Ó bá Fàòsíyà níwájú ilé wọn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.

"Fàòsí, kí ló dé tó o bò mí láṣìírí?"

"Ṣé kí n wá pariwo olè lé ẹni tí mò ń pè ní èkejì mi lórí ni?" Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹ̀gúsí. "Ká ní o ní kí n má kọ ọ́, ǹ bá má kọ ọ́. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ká ní o bẹ̀ mí ni. Ǹ bá fi àyè náà sílẹ̀ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló fọ́ Mojíre lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àmọ́ Fàòsíyà kò ní kó má sunkún. Ìgbà tó yá ló sọ pé, "Máa lọ sílé. Òjò ti ṣú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mojíre gbé àpòòwé náà sórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, ó sì sọ ohun gbogbo láìfi ọ̀kan pa mọ́. Tíṣà ka àròkọ náà tán, ó rọra dá a padà sínú àpòòwé.

"Ká ní èmi lo lù ní jìbìtì, ì bá sàn," ó wí. "Ìwọ fúnra rẹ, kí lo rò pé ó yẹ ká ṣe?"

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, sà. Ẹ fi tirẹ̀ sí i."

Ó yọ ọ́. Ó fi fáàsì ránṣẹ́ sí Kamakura láti yunifásítì lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì fi àròkọ Fàòsíyà tì í. Àmọ́ nígbà tí èsì dé, Ìyáàfin Morita kọ ọ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́ pé ọjọ́ ti kọjá. Wọ́n ti yọ orúkọ Mojíre kúrò bí Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ṣe bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wọn ti fi àyè náà fún ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Ó ní òun ka àròkọ náà fún gbogbo kíláàsì òun, ọ̀pọ̀ wọn sì sunkún.

Fàòsíyà ka lẹ́tà náà tán, ó ká a dáadáa. "Ó tán," ó wí.

Ìyá Mojíre kò na ọmọ rẹ̀. Ó kàn gbé aṣọ tó so kọ́ kúrò lójú ògiri, ó ní, "Mo gbé ẹrù tí kò tọ́ lé ọ lórí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé ẹsẹ̀ tó ṣìnà."

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣì ń kí ara wọn títí wọ́n fi jáde ní ilé-ìwé, àmọ́ ìkíni lásán ni. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ lọ́dún 1997, àwọn òbí Fàòsíyà kó lọ sí Ìwó. Wọn kò ráyè dágbére.

Ọdún 1999 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn, ní gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn. Mojíre ti wà ní yunifásítì, Fàòsíyà sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ra gúgúrú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n bi ara wọn léèrè ilé, léèrè ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Fàòsíyà wà láàyè.

"Àwọn Sátidé wa yẹn a máa wá sí mi lọ́kàn," Mojíre wí. "Ó ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ. Fàòsí, ṣé o ti dárí jì mí?"

Fàòsíyà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, kí n tó kúrò ní Modákẹ́kẹ́ pàápàá. Àmọ́, kí n má purọ́ fún ọ, Mojí. Bí ojú mi ṣe ń wò ọ́ yìí, ọkàn mi ṣì ń ṣọ́ ọ."

Awakọ̀ ti ń pe àwọn èrò Ìwó. Fàòsíyà dìde, ó gbọn gúgúrú kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀. Ó juwọ́ láti ojú fèrèsé títí ọkọ̀ fi wọ títì.

Nígbà yẹn ni ẹ̀kọ́ náà tó yé Mojíre yékéyéké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ti kọjá. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ lọ jìnnà, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ọ̀rẹ́ ẹni mọ nǹkan í ṣe ju ẹni lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà kò ní rí ibi gbà kọjá. Ìdáríjì lè dé lọ́jọ́ tí a bá bẹ̀bẹ̀. Ìfọkàntán tó bá ti lọ, ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn padà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn ju ti ilẹ̀ Jàpáànì lọ.