Ọgbà Tí Ojú Kò Rí ní Àgbàlá Tíṣà Ọlágúnjú

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Òmù-Àrán, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè, ẹsẹ̀ á ti máa dún lẹ́yìn ilé Tíṣà Ọlágúnjú. Ẹni tó ń roko á kọjá tòun ti ọkọ́ léjìká, àwọn ọmọ ilé-ìwé á kọjá, Alààjà Fulera tó ń ta irú á gbé igbá rẹ̀ kọjá, òórùn irú á sì ṣẹ́kù sílẹ̀ fún ẹni tí kò tètè jí.

"Ẹ kú ìdájí, Tíṣà."

"Alààjà, ẹ kú ìdájí. Ṣé a jí dáadáa?"

"A dúpẹ́. Ẹ bá mi di àwọn ọmọ yín mú, mo fẹ́ kọjá."

Ajá ni àwọn ọmọ tí Alààjà ń wí. Méjì ni wọ́n. Sùúrù ni ìyá, ó ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ sì ro ó. Tanímọ̀la ni ọmọ, akọ pupa tí etí rẹ̀ kan dúró tí ìkejì sì wó. Ìyàwó Tíṣà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ àwọn méjèèjì kó tó kú.

Kaduna ni Tíṣà ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́hùn-ún, bí ó bá dijú, kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀ ló máa ń rí. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yìí ni: erùpẹ̀ pupa rẹ̀, igi máńgòrò tó tẹ̀ bò ó, ohùn àwọn tó ń kí ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, ìyá rẹ̀ kò béèrè iye yàrá. Ohun tó wí ni pé, "Ọlágúnjú, má fi ògiri dí ọ̀nà yìí. Ilé tí ẹsẹ̀ kì í kọjá, òkú ló ń gbé ibẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí ilé Tíṣà kò fi ní ògiri. Gbogbo ilé olówó tó wà ládùúgbò ló ti mọ odi, tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la kò mọ ohun tí ìyá-ńlá ilé wí. Lójú tirẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà náà olè ni. Ó lé ewúrẹ́ Ìsmáílà aládùúgbò wọn títí ewúrẹ́ fi bọ́ sínú kòtò. Ó lé ọlọ́kadà. Nígbà tó yá, ó fò mọ́ Alààjà Fulera, Alààjà ṣubú, irú sì dà sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Kò bù ú jẹ, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó bá ṣubú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bàbá Ògúntúndé, tó jẹ́ olórí agboolé, ránṣẹ́ pe Tíṣà.

"Ọlágúnjú, mo jù ọ́ lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ. A kò lè máa bẹ̀rù àti gba ọ̀nà yìí. Bí ajá rẹ bá tún jáde sí i lẹ́ẹ̀kan péré, a ó mú un fún àwọn tó ń fi í jẹun. Àbí kí o mọ ògiri bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá mi wí, Bàbá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí o wá nǹkan ṣe sí ajá."

Tíṣà so Tanímọ̀la mọ́ igi. Ajá náà hu láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń gé okùn jẹ, ọrùn rẹ̀ bó. Tíṣà tú u sílẹ̀ nínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, òun alára sì jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n. Kí ó dí ọ̀nà ìyá òun ni àbí kí ó pa ọmọ ìyàwó òun? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó jẹun.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìfẹ́olúwa, tó wà ní Èkó, gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Dádì, ẹ má pa ajá, ẹ má mọ ògiri. Ọgbà kan wà tí ojú kò rí."

"Ìfẹ́olúwa, èmi kì í ṣe oníṣègùn o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wáyà ni, Dádì. Ẹ ó rì í sínú ilẹ̀ yí ilé ká. Ẹ̀rọ kékeré kan á wà nínú yàrá tó ń fi àmì ránṣẹ́ gba inú rẹ̀. Ajá á wọ bẹ́líìtì sí ọrùn. Bó bá ti ń sún mọ́ wáyà, bẹ́líìtì á ké kín-kín. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn, iná kékeré á ta á díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́. Á padà sílé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀."

Nígbà tí ẹrù náà dé, Tíṣà tú u wò bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ ni, ó sì lè dá ajá tó ń lé ọkadà dúró. Orí ènìyàn pé o.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyí. Ní ilẹ̀ wa, ta ni jẹ́ rì nǹkan sí ẹ̀bá ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà? Bí wọ́n bá rí i, kí ni wọn yóò wí? Tíṣà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró di ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ará agboolé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Alààjà wà ní Ìlọrin níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní ara òun kò yá. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rì wáyà náà yí ilé ká títí dé etí ọ̀nà, ó fi ewé máńgòrò bo ojú rẹ̀. Àwọn àsíá funfun kéékèèké tó wà nínú páálí, pé kí a fi sàmì ibi tí wáyà gbà, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Àsíá á mú kí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ó fi bẹ́líìtì sí ọrùn Tanímọ̀la, ó sì tú u sílẹ̀.

Ajá náà sáré gba ọ̀nà lọ bí ìṣe rẹ̀. Bẹ́líìtì ké. Kò mọ ohun tí igbe náà túmọ̀ sí. Ó ta á. Ó fò sókè, ó yí bírí, ó sáré wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì jáde mọ́. Kò jẹun dáadáa mọ́, abẹ́ ibẹ̀ ló ń tọ̀ sí. Sùúrù lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo Tíṣà pẹ̀lú ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi máa ń wò ó bó bá ṣìwà hù.

Ní ọjọ́ Sátidé, Tíṣà pe Dókítà Mardiyah, dókítà ẹranko tó wà nílùú. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹran gbígbẹ tan Tanímọ̀la, nígbà tí ẹ̀rọ inú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí ariwo ènìyàn sì sọ lẹ́yìnkùlé.

Tíṣà ti gbàgbé pé ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni. Gbogbo agboolé ló jáde láti ro ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkọ́ Ìsmáílà ló kan wáyà náà tó sì gé e. Bó ti ń fà á ni ilẹ̀ ń là níwájú rẹ̀ títí dé abẹ́ fèrèsé Tíṣà. Gbogbo ènìyàn ti sún sẹ́yìn.

"Tíṣà," ni Alààjà Fulera wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "kí lẹ rì sí ẹsẹ̀ wa?"

Ìbéèrè náà dun Tíṣà ju èébú lọ.

Dókítà Mardiyah ló tẹ̀síwájú. Ó mú wáyà náà lọ́wọ́, ó fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ọgbà ajá ni. Kò ní ohun tí yóò fi ènìyàn ṣe. Bẹ́líìtì ọrùn ajá nìkan ló ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ bẹ́líìtì, bó tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní mọ̀."

"Ẹnu lásán," ni Ìsmáílà wí.

Dókítà so wáyà tó gé pọ̀, ó fi téèpù dì í. Ó wọlé lọ bọ́ bẹ́líìtì lọ́rùn Tanímọ̀la, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rìn sún mọ́ etí ọ̀nà. Bẹ́líìtì ké kín-kín. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ta mí bí èèrà. Ta ló kàn?"

Ìsmáílà gbà á, kí wọ́n má baà pè é lójo. Ó fò. Ẹ̀rín bú lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

"Ẹ gbé e wá," ni Bàbá Ògúntúndé wí. Òun kò fò. Ó ronú díẹ̀. "Èékánná ìyá àwọn ọmọ mi le jù báyìí lọ."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Dókítà yíjú sí Tíṣà.

"Bàbá, àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ní Kaduna, ṣé ọjọ́ tí wọ́n wọ kíláàsì lẹ fi ẹgba bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá o. A máa ń kọ́ wọn ní lẹ́tà ná."

"Ẹgba lẹ fún Tanímọ̀la kó tó mọ lẹ́tà. Àsíá wọ̀nyí ni lẹ́tà rẹ̀. Ẹ ó fi okùn mú un dé ibẹ̀, bẹ́líìtì á ké, ẹ ó fà á padà, ẹ ó fún un lẹ́ran, ẹ ó yìn ín. Bó bá ti mọ̀ pé igbe túmọ̀ sí 'padà', títa kò ní pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọjá sì nílò àsíá náà. Ọ̀nà tiwọn náà ni."

"Ẹ̀rù ohun tí wọn yóò rò ló bà mí."

"Ohun tí ẹ fi pa mọ́ la rò," ni Alààjà dáhùn. "Ẹ ì bá ti sọ fún wa, bí a ti ń kí yín láràárọ̀."

Dókítà tún béèrè bóyá àwọn ajá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tíṣà ní òun rò pé bí wọ́n bá ti ń gbélé, kò pọn dandan.

"Bàbá, ọgbà yìí ń dá ajá yín dúró ni. Kò dá ajá ẹlòmíràn dúró. Ajá dìgbòlugi lè wọlé wá bù wọ́n jẹ síbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí." Kò kúrò níbẹ̀ kó tó gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́.

Ó yẹ kí ẹ rí ẹ̀yìnkùlé náà ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àsíá funfun tò létí ọ̀nà bíi ti ọjọ́ ayẹyẹ ilé-ìwé, Tíṣà sì ń fi okùn mú Tanímọ̀la lọ sókè sódò, ó ń yìn ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Àwọn tó ń lọ sóko á dúró wò wọ́n. Ìgbà kan ṣoṣo ni Sùúrù gbọ́ igbe bẹ́líìtì ọmọ rẹ̀, ó yí padà, ó lọ sùn. Kò tún dé ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Dókítà ní ó tó kí wọ́n tú Tanímọ̀la sílẹ̀, Alààjà Fulera ló ní òun ni yóò kọjá.

"Èmi ló gbé ṣubú. Èmi ni n óò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́n."

Bàbá Ògúntúndé dúró lábẹ́ máńgòrò, ó fọwọ́ lẹ́yìn. Alààjà gbé igbá rù, ó bọ́ sọ́nà. Tanímọ̀la rí i. Ó sáré bọ̀ tagbáratagbára. Ní ẹ̀gbẹ́ àsíá, bẹ́líìtì ké, ajá náà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku sọ. Ó jókòó. Etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó, ó ń mi ìrù.

"Ẹ kú ìdájí, Tanímọ̀la," ni Alààjà wí, ó sì kọjá.

Bàbá Ògúntúndé gbọn eruku ara rẹ̀, ó gba ọ̀nà náà lọ sílé.

Wọ́n ti yọ àwọn àsíá lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Àlejò tó bá rí ajá tó dá ara rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ lásán á rò pé ó ń ronú. Ará agboolé mọ̀, wọ́n sì máa ń fi í yangàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, iṣẹ́ yín ni kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá má fara pa. Bí agbára ká ọgbà abẹ́ ilẹ̀, ohun dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ajá fún wa. Ẹ fi àsíá àti sùúrù kọ́ ọ, kí títa náà wà ní ìwọ̀n tó kéré jù, kí ẹ má sì fi í sí ọrùn ọmọ ajá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ mú ajá wọlé, kí ẹ bọ́ bẹ́líìtì, kí ọrùn má baà dégbò. Ẹ ṣètò bátìrì fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, nítorí láìsí iná kò sí ọgbà. Ẹ sọ fún aládùúgbò ibi tí wáyà gbà kí ọkọ́ tó sọ fún wọn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò ṣeé fò, ọdọọdún ni. Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá á san.

Ní Òmù-Àrán, ọ̀nà ìyá Tíṣà ṣì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá ní ìdájí, ẹ kí onílé. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: "Ẹ máa kọjá, ọ̀nà yín ni."