Ọpọlọ Ẹ̀rọ Inú Báàgì Ọláìtán

Ètè ọmọ Juliet ti dúdú kí ẹ̀rọ tó ń bá a mí tó ké. Rọ́bà ló ká mọ́ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Judith tú u, ọmọ gba afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n Judith rí i pé igbe ẹ̀rọ náà ti pẹ́ jù.

Ní ilé ìwòsàn kékeré yẹn ní Òkìtìpupa, bákan náà ni wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ náà wò láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Wọn á fún rọ́bà rẹ̀ pa, wọn á pe "Jésù". Kí ẹnu tó kúrò lórí orúkọ yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti ké.

Judith yọ rọ́bà lára ọmọ, ó fi báàgì tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún láti fi bá aláìsàn mí lé Dora, nọ́ọ̀sì kékeré, lọ́wọ́.

"Máa fún un. Má dúró."

Ó fún rọ́bà ẹ̀rọ pa. Ó pe Jésù. Kẹ́kẹ́ pa. Ó bẹ̀rẹ̀ Bàbá Wa, ó dé ibi oúnjẹ òòjọ́ kí ẹ̀rọ tó ké.

Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ọpọlọ rẹ̀, bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù ara tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni wọ́n rọ́ síbẹ̀, tó ń tan iná bí olóòótọ́. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ mẹ́wàá, kó dá èyí tó wù ú lóhùn nígbà tó bá wù ú. Ti ẹ̀rọ mímí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ètò inú rẹ̀ ti dá àkókò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀ràn ẹ̀mí bá dé, gbogbo iṣẹ́ yòókù á yà fún un lójú ẹsẹ̀.

Ọláìtán, ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, ló tún un ṣe lánàá. "Mo ti dán an wò, mà," ló wí. "Ẹ fi Jésù yín sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ̀rọ sinmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Juliet, tó gbé ọmọ wá láti oko Ìjù-Odò, di aṣọ Judith mú. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ mi máa kú?"

"Mò ń bọ̀."

Ọmọ náà kò lè fi ọwọ́ ènìyàn mí dé ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́. Judith pe Ọláìtán bó ti ń sáré jáde.

"Níbo lẹ wà?"

"Mo ti dé Benin, mà."

Lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóònù, ẹni tó ń pe èrò ní gáréèjì ń pariwo: "Ìrẹ̀lẹ̀, ó ku ẹnì kan!"

Ọ̀kadà Súnkànmí ló gbé Judith dé gáréèjì. Ọláìtán rí i láti inú takisí, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Dẹ́rẹ́bà, mo san ti ẹni tó kù. Jẹ́ ká lọ." Takisí sì fò jáde.

Wọ́n lé e lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti máa ń rọra rìn nígbà kan, tí ẹnikẹ́ni kì í sá fún ẹnikẹ́ni. Eruku pupa bo takisí náà lójú wọn.

"Màámi, ọ̀kadà mi ò lè bá a."

"Gùn ún bẹ́ẹ̀."

Ní kọ́nà kan, takisí ti dúró. Ìyá arúgbó kan ló na ọwọ́ pẹ̀lú agbọ̀n pupuru tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe lórí, àyè ìjókòó sì ṣófo. Ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ti tẹ bíréèkì kó tó ronú.

"Mo ti sanwó ibẹ̀!" ni Ọláìtán ń wí.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá wà nínú oòrùn. Ẹ sún."

Judith bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ṣílẹ̀kùn, ó já báàgì gbà.

Nígbà tí takisí náà gbé Judith àti Ọláìtán padà dé ilé ìwòsàn, Sájẹ́ńtì Àlàmú, ọlọ́pàá tí dókítà ti pè, ń dúró lẹ́bàá ibùsùn.

"Èwo ni ojúlówó?" ni ó bi Ọláìtán, ó ń tọ́ka sí bọ́ọ̀dù inú báàgì.

"Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, sà. Èyí tó bàjẹ́ ni mo gbé."

Àlàmú fún rọ́bà pa bí Judith ti júwe, ó gbàdúrà náà. Ó dé ibi ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ké.

"Ó tún pẹ́ ju ti àárọ̀ lọ," ni Judith wí.

"Fi ti inú báàgì sí i," ni Àlàmú sọ.

Ọláìtán gbé e jáde, ó ń dè é mọ́ inú ẹ̀rọ. "Mi ò mọ̀ pé ọmọdé ló máa wà lórí rẹ̀."

"Ta lo rò pé ó máa wà níbẹ̀?" ni Àlàmú bi í.

Ọláìtán dè é tán.

"Ibòmíràn tí o ti ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Méjì, sà. Ọ̀kan ní Ìrẹ̀lẹ̀, ọ̀kan ní Òrè."

Dókítà ti ń tẹ fóònù kí Ọláìtán tó dárúkọ wọn tán. Àlàmú fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Judith fún rọ́bà pa. "Jé—"

Ẹ̀rọ ké.

Wọ́n so ó mọ́ ọmọ. Àyà kékeré náà gbéra, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gbéra. Dora ti gbé báàgì sílẹ̀, síbẹ̀ ìka rẹ̀ ṣì ń ṣí, ó ń pa dé, lórí òfìfo. Juliet kúnlẹ̀, ó gba ọwọ́ Dora méjèèjì mú, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ìka náà fi dúró.