Gọ́tà Tí Ràṣídátù Dí

Bí Ràṣídátù ṣe wọ yàrá, ó bá ìyá bàbá rẹ̀ nílẹ̀ nínú omi ẹrẹ̀. Wọ́n di itan mú, wọ́n ń kérora.

"Níyì máa jẹ ìyà èyí," ó payín keke bó ṣe sọ ọ́.

Oko ẹ̀gẹ́ ló yí ilé wọn ní Iba ká tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé reluwé máa dé Okokomaiko, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Màrínà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀. Láàárọ̀, gbogbo wọn á gba ibi iṣẹ́ lọ, àdúgbò á dá páropáro. Ọ̀kan nínú wọn ni Níyì. Fẹ́ǹsì rẹ̀ ló dí ojú ọ̀gbàrá, tí omi fi ń ya wọ ilé àwọn Ràṣídátù.

Tàjùdíìnì, bàbá Ràṣídátù, lọ bẹ̀ ẹ́.

"Bí ibẹ̀ kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kó lọ," ni Níyì fi dá a lóhùn.

Tàjùdíìnì fẹjọ́ sun ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Àwa la jàre," ni Tàjùdíìnì sọ fún Ràṣídátù.

Ràṣídátù kò gbọ́. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, ilé ló wà. Bí Níyì ṣe jáde tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ràṣídátù ki àwọn àpò yanrìn bọ ẹnu gọ́tà ilé ọkùnrin náà. Òjò dé lọ́sàn-án. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí omi ṣe ń kún.

"Kí òun náà tọ́ ọ wò!"

"Ẹ gbà mí o!" Ohùn arúgbó ni, láti inú ilé Níyì. Ìyá Níyì ti dé láti Èkìtì lánàá, Ràṣídátù kò sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti jáde, kò sì sí àgbàlagbà kankan ládùúgbò tó lè sáré dé ibẹ̀.

Ó fa àwọn àpò náà yọ, ó fo fẹ́ǹsì. Ó bá ìyá náà nílẹ̀, ọwọ́ wọn ti kán.

Ní Ọjọ́bọ̀, Níyì kó àwọn àpò yanrìn síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ní Ràṣídátù ló fi wọ́n dí gọ́tà òun.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ dí ojú omi," ni ọ̀gá wọn sọ. "Ẹ lọ parí rẹ̀ láàárín ara yín." Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Fẹ́ǹsì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Tàjùdíìnì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Àwa ni wọ́n ṣẹ̀, Ràṣídátù. O wá sọ wá di ẹlẹ́ṣẹ̀."

 Ẹ̀san tí Ràṣídátù rò pé òun gbà lára Níyì, ara ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbà á.