Iyọ̀ Inú Máìkì

"Ẹ jọ̀ọ́, máìkì wo ló máa gba inú ọwọ́ mi?"

Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kò tiẹ̀ tíì kí ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wo èékánná rẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, òwú wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Ọmọ Bàbá Rédíò gbójú sókè lórí rédíò tó tú sílẹ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà nìyẹn, torí bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù rédíò àti máìkì náà, òun ló sì ń bá a tún rédíò ṣe.

"Ẹ̀yin télọ̀, ṣé ẹ fẹ́ wọn máìkì náà kẹ́ ẹ tó rà á ni?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ hamóníkà kan, fèrè pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fẹnu fọn, lápò, ó ní orin búlúùsì lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ń ṣe. Òun kì í dúró níwájú máìkì bí akọrin. Ńṣe lòun ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo máìkì àti hamóníkà pọ̀ pinpin, kí èémí má ríbi jáde, kí ohùn rẹ̀ lè bú ramúramù lẹ́nu ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè.

Ọmọbìnrin náà gbé mẹ́ta sílẹ̀ látorí pẹpẹ. Èyí àkọ́kọ́ gùn, ti àwọn akọrin ni. Èémí ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìkejì rí rogodo, ó wúwo. Ìka Télọ̀ kò lè pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta kéré, ó ti gbó. Iléeṣẹ́ takisí kan ni wọ́n ti fi ń pe àwọn awakọ̀ rí.

"Èyí ti darúgbó o," ó kìlọ̀ fún un. "Ẹ̀yà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi irú iyọ̀ kan ṣe. Òun lọkàn rẹ̀. Ọ̀rinrin lọ̀tá rẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ọkùnrin náà, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. "Ó yá, ẹ fọn ún."

Ohùn tó jáde há, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán tó sì fẹ́ dápàárá. Orí ọmọbìnrin náà wú.

"Èyí ni," àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán Sátidé kan tí Télọ̀ kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. "Ẹyinjú mi," á ní, "wá bá mi wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde." Kò síbi kankan tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Àwọn méjèèjì mọ̀. Síbẹ̀ á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e, á sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Bàbá Rédíò ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. "Ogójì ọdún ni mo fi ń lé ariwo jáde nínú rédíò ọmọ aráyé," ó ní. "Ṣé èmi ni màá wá fi ọmọ fún ẹni tó ń wá ariwo kiri?"

"Bàbá, ẹ gbọ́ orin rẹ̀ ná."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọn ún fún onígbọ̀ngàn tó lóun fẹ́ gbaṣẹ́ orin lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, màá wá jókòó. Bí mo bá gbọ́ ohùn tó mọ́, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà rójú. Ó gba máìkì náà lọ́wọ́ Télọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó lóun fẹ́ nu eruku inú rẹ̀. Ó yọ ẹ̀yà iyọ̀ náà, ó fi tuntun tó ń dún geere sí i. Ìfẹ́ ló mú kó ṣe é, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn.

Nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Télọ̀ bo ọwọ́, ó fọn ún. Ohùn náà mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó wo máìkì, ó wo ọmọbìnrin náà, ó fọn ún parí. Bàbá Rédíò nìkan ló pàtẹ́wọ́. Onígbọ̀ngàn ní kí wọ́n máa lọ ná, òun á ránṣẹ́. Ẹ mọ irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí lo ṣe sí i?" Télọ̀ béèrè níta.

"Mo tún un ṣe ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà máìkì náà.

"Ibo lèyí àtijọ́ wà?"

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi òwú wé e jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í gan-an, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Mo ti sọ ọ́ nù! Ṣé èmi lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí iyọ̀?"

Télọ̀ ki hamóníkà bọ àpò. "Ohùn mi lo sọ nù yẹn," ó wí, ó sì lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọmọbìnrin náà ti pinnu pé òun á gbé e lọ fún un lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọjọ́ kejì pé, ó ní kí Télọ̀ kọ́kọ́ wá ná. Ṣé òun lòun á máa sáré tọ ọkùnrin ni? Ní òpópónà kejì, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Télọ̀ náà ń retí rẹ̀. Òjò dé, òjò lọ. Ọmọbìnrin náà wá gbọ́ pé Télọ̀ ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn.

"Ọmọkùnrin yẹn kò wá mọ́," Bàbá Rédíò wí lọ́jọ́ kan. "Ó sì fọn ún dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ti fẹ́ ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Ọmọ rẹ̀ doríkodò sórí wáyà tó ń fi irin gbígbóná jó pọ̀.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Bàbá Rédíò ti jókòó sílé, ọmọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán kan, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, mà."

Télọ̀ ni. Ewú ti yọ díẹ̀ lórí rẹ̀. "Ẹ" tó fi kí i yẹn dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

"Mo ti gbìyànjú máìkì títí, kò séyìí tó bá mi mu," ó ní. "Ìyàwó mi ló ní kí n padà lọ bá ẹni tó mọ ọwọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé òwú náà sórí tábìlì.

"Mi ò sọ ọ́ nù."

Télọ̀ rọra tú òwú náà. Ọmọbìnrin náà jó wáyà ẹ̀yà náà mọ́ máìkì kan lórí tábìlì. Télọ̀ bò ó, ó fọn ún. Ampilifáyà kàn ń kùn ni. Ó tún fọn ún. Kò sí nǹkan.

Ọmọbìnrin náà fi ọ̀bẹ ṣí ìdérí ẹ̀yà náà. Ọ̀rinrin ti jẹ iyọ̀ náà tán. Ó ku eérú funfun tó tutù.

"Ìgbà wo ló kú?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí."

"Ká ní o gbé e wá lọ́jọ́ kejì..."

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó na ọwọ́ sókè sí pẹpẹ, ó mú òmíràn tó kéré wá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Télọ̀. Òrùka ìgbéyàwó wà níka ọkùnrin náà.

"Ẹ máa bọ́ òrùka yìí kẹ́ ẹ tó fọn ún. Á máa ha ara máìkì."

"Mo gbọ́." Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde níbì kan?"

"Rárá," ó ní. "Kò síbi tó ń gbà jáde."

Ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.