Ẹ̀ṣẹ́ Tí Iṣẹ́ Abẹ Kò Lè Gé

Ta ni kò mọ Aníwúrà nílé iṣẹ́ epo pupa kan lẹ́bàá Ìlútítun? Bó bá gbá ènìyàn létí, gbì, onítọ̀hún ti wà nílẹ̀! Òrùka oògùn dúdú kan wà ní ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá. Vincent, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń gún ẹyìn, bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ́ ọ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣẹ́ ló fi dá a lóhùn, eyín Vincent méjì sì yọ.

Lọ́jọ́ kan, òrùka náà há sí irin ẹ̀rọ. Kí Aníwúrà tó pariwo, ẹ̀rọ ti fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó ń rún eegun wómúwómú, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú epo. Vincent ló sáré pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń lọgun rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Òkìtìpupa: "Vincent ló tan ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́! Bí mo bá jáde níhìn-ín, màá fi àdá là á lórí!"

Juliet, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tó farapa sọ̀rọ̀ ìtùnú ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, jókòó tì í. "Bọ̀dá, ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́." Aníwúrà bú u. Wọ́n gé ọwọ́ náà.

Ọwọ́ ti lọ o, àmọ́ ó ṣì ń mọ̀ ọ́n lára pé ó di ẹ̀ṣẹ́, èékánná ń gún àtẹ́lẹwọ́ tí kò sí mọ́. Ó ké, ó fi orí gbá ògiri. Juliet ní kì í ṣe wèrè, ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tí a gé lọ́wọ́. Ó fún un lóògùn, ó gbé dígí síwájú rẹ̀, ó ní kó máa la ọwọ́ òsì níbẹ̀, kó máa wo àwòrán rẹ̀ nínú dígí bí ẹni pé ọ̀tún ni. Ẹ̀ṣẹ́ náà kọ̀, kò là.

"Kí lẹ dì mú tó báyìí, bọ̀dá?" Juliet bi í.

Vincent gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá kí i. Aníwúrà gba abọ́, ó là á mọ́ ọn lójú! Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Vincent nu ojú, kò lọ.

"Lù mí sí i bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Jésù kò di ẹ̀ṣẹ́ sí wa, Aníwúrà. Ó la ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn, nítorí tèmi, nítorí tìrẹ."

Aníwúrà wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lágbọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ! Òrùka mi ló há, mo mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Ojú ló tì mí. Jésù, gbà mí, ọkàn apànìyàn ni mo ní!"

Ìrora kò tán lọ́jọ́ náà. Juliet ṣì ń gbé dígí rẹ̀ wá. Àmọ́ láàárọ̀ kan, bí Aníwúrà ṣe la ọwọ́ òsì, ó mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀tún náà là. "Vincent, ó là o!"

Ìwọ tó ń ka èyí, ta lo di ẹ̀ṣẹ́ sí nínú ọkàn rẹ? Irọ́ wo lo dì mú? Ẹ̀rọ gba ọwọ́ kan lára Aníwúrà kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Jésù. Ọwọ́ méjèèjì ṣì wà lára rẹ. Là wọ́n sí Jésù lónìí, níbi tí o wà yẹn gan-an.